Síkì, ọtí àti àbúrò ọmọ ọdún 19: níbo ni kí ẹ̀yin mẹ́fà lọ?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa pé ọgbọ̀n ọdún ní oṣù Kejì, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi sì fẹ́ lọ ṣe síkì fún ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́fà ni wá, Manchester là ń gbé. Àwa méjì ti ṣe síkì rí, àwọn mẹ́rin tó kù kò tíì gun òkè yìnyín rí. Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú wa, ọmọ ọdún 19 ni. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan kì í fẹnu kan ọtí nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn méjì ṣì ń lo páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Kí n má purọ́ fún yín, a fẹ́ síkì, ṣùgbọ́n fàájì alẹ́ la fẹ́ jù. Ẹnì kan ní ká lọ St Anton ní Austria, ẹnì kan ní Park City ní Utah, ẹnì kan ní Bansko ní Bulgaria torí owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta ọtí ńbẹ̀. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kò purọ́. Ó ti di ọdún 16 báyìí tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìnàjò síkì láti London, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé atẹ́gùn orí òkè làwọn ń wá lọ. Bí wọ́n bá débẹ̀ tán, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi pè mí ni, "Àǹtí, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí ilé ọtí?" Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé iye ilé ọtí tó wà nílùú ni wọ́n ń kà. Ohun mẹ́ta lèmi máa ń béèrè nípa ìlú síkì: aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí, ibo lára òkè ni ilé ọtí náà wà, kí ló sì máa gbé ẹni tó mu ún délé? Ṣé ẹsẹ̀ ni, bọ́ọ̀sì ni, àbí síkì méjèèjì, pákó gígùn tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, tó dè mọ́ ẹsẹ̀? Bí mo bá ti gbọ́ ìdáhùn ìyẹn, tí mo sì mọ ọjọ́ orí tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bí alẹ́ yín á ṣe rí láìtíì kúrò ní Manchester.

Nínú mẹ́ta tó o dárúkọ, ọ̀kan ni mo lè gbà fún yín, igbá kejì sì ni. Èyí tí mo máa mú gan-an kò sí nínú ìwé rẹ. Jẹ́ ká ti ibi tí ẹ kò lè lọ bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ ló yọ Utah kúrò. Ọdún 21 ni òfin ọtí jákèjádò Amẹ́ríkà, ìyẹn o ti lè mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èrò láti Britain kì í mọ̀ ni pé ní Utah, ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ wọ báà rárá, kódà bó jẹ́ omi ọsàn ló fẹ́ mu. Ilé oúnjẹ nìkan ló lè wọ̀. Ìyẹn ni pé lálẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ, ẹnì kan nínú yín á máa bá a jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín bí àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Bẹ́ẹ̀, Park City dára o. Yìnyín ibẹ̀ gbẹ, ó fúyẹ́ bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Òkè náà fẹ̀ ju 7,000 éékà lọ, ìlú tí àwọn awakùsà fàdákà tẹ̀dó sí ìdí rẹ̀ sì ṣì ní òpópónà àtijọ́ kan tí báà tò sí lọ́tùn-ún lósì. Ká ní gbogbo yín ti lé ní 21 ni, ìkìlọ̀ díẹ̀ ni mo máa ṣe, mo sì máa ní kí ẹ máa lọ. Ìjọ Mormon, tí kì í mu ọtí, ló tẹ ìpínlẹ̀ yẹn dó, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ìwé òfin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí báà níbẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti de nǹkan kékeré kan mọ́ ẹnu gbogbo ìgò ọtí líle. Ọmọbìnrin tó ń ta ọtí dojú ìgò kọlẹ̀ sínú ife mi, ọtí ṣàn díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Mo rò pé ìgò ló gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní 44 mílílítà ni òfin wí, ẹ̀rọ ẹnu ìgò yẹn ló sì ń wọ̀n ọ́n. Èèyàn kò lè fi ojú àánú bẹ ẹ̀rọ. Ife méjì péré ló lè wà níwájú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilé oúnjẹ, àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé oúnjẹ lẹ bá wá kí wọ́n tó gbé ọtí jáde. Bíà tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ wá kò gbọ́dọ̀ ju 5% lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìjọba ló ń ta wáìnì àti ọtí líle, wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, torí náà ẹni tó bá balẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bíà súpámákẹ́ẹ̀tì ni tiẹ̀. Láti òpin ọdún 2018, 0.05 ni ìwọ̀n ọtí tí wọ́n gbà láyè nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ní Utah, ìpínlẹ̀ tó sì kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 0.08 nìyẹn ní Amẹ́ríkà. Ó dùn mọ́ni pé ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì ìlú Park City.

Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá ṣì wà lọ́nà jíjìn, Whistler ní Kánádà á gba àbúrò rẹ, torí 19 géérégé ni òfin British Columbia. Kó kàn mú ìwé ìdánimọ̀ méjì dání, torí wọ́n á béèrè èkejì. Ní Banff, tó wà ní ìpínlẹ̀ Alberta, 18 ni. Japan ńkọ́? Ọdún 20 ni. Wọ́n sọ ọjọ́ orí àgbà di 18 níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ti ọtí, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 19 tó lọ sí Niseko ló sì ti fi ìtìjú kọ́ ìyẹn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibi wọ̀nyí jìnnà jù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ méjì ni ara yín fi máa bá aago jà, ẹ ó sì ti sanwó ọjọ́ méjèèjì.

Ká wá sí Yúróòpù, páṣípọ́ọ̀tù ló sì yẹ ká kọ́kọ́ sọ. Àwọn méjì tó ń lo ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ìwé ìgbélùú Britain kò lè rọ́pò rẹ̀. Yúróò 90 lowó rẹ̀ fún àgbàlagbà, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ẹnì kan á ṣì sọ fún yín pé Andorra ló dára jù, pé owó orí kéré níbẹ̀, ọtí sì pọ̀ bí omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Andorra kò sí nínú Schengen, kò sì ní pápákọ̀ òfurufú ńlá kankan. Sípéènì tàbí Faransé lẹ máa gbà wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, òfin kà á sí pé ẹ ti jáde ní Schengen, ẹni tí físà rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan péré kò ní ọ̀nà láti padà wọlé wá wọkọ̀ òfurufú. Mo ní oníbàárà kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì Andorra tán kó tó fi físà rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ bẹ́ẹ̀.

Bulgaria kò ní wàhálà yẹn mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ló ti wọ Schengen tán pátápátá, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026 sì ni wọ́n ti ń ná Yúróò, ẹ kò ní máa ṣẹ́ owó sí lefu, owó wọn àtijọ́, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún 18 ni òfin ọtí. Ohun tí mo fẹ́ràn ní Bansko ni pé ìlú wà nísàlẹ̀, òkè wà lókè. Èèyàn á ṣe síkì tán, á wọ ọkọ̀ orí wáyà sọ̀ kalẹ̀, á gbé síkì sílé, kó tó lọ jókòó. Inú mehana, ìyẹn búkà ìbílẹ̀ wọn tó ní tábìlì pákó àti iná ìdáná nígun, ni wọ́n á ti gbé rakia wá pẹ̀lú sàláàdì tòmátì àti kùkúḿbà tí wọ́n rẹ́ wàràkàṣì funfun lé lórí. Rakia yìí, àbúrò ògógóró ni. Èso àjàrà tàbí èso mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń sè é lórí iná bíi tiwa, wọ́n sì ń fi ife kékeré mu ún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó bá dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan bí àwọn ọmọ Britain ṣe ń ṣe, àwọn baba tó jókòó nígun á kàn máa wò ó tàánútàánú. Bí onílé bá sì ní òun fúnra òun ló sè é ńlé, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. A kì í bi ògógóró abúlé pé kí ni agbára rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tí Bansko kù sí ni òwúrọ̀. Ojú ọ̀nà síkì ibẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 75 lọ, ọkọ̀ orí wáyà láti inú ìlú ni gbogbo èèyàn sì fẹ́ wọ̀. Ní oṣù Kejì, ìlà rẹ̀ á gùn bí ìlà epo bẹntiróòlù ní Èkó lásìkò ọ̀wọ́n. Ẹni tó ń kọ́ síkì ní láti dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ lágogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tàbí mẹ́wàá, torí náà ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ fojú inú wò ó lẹ́yìn rakia. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ di igbá kejì: bí owó bá há, ẹ lọ, ẹ kò ní kábàámọ̀.

St Anton wá ńkọ́? Níbí ni mo ti fẹ́ falẹ̀ díẹ̀, torí mo mọ agbègbè yẹn. Kí n tó máa ta ìrìnàjò, mo fi ìgbà òtútù méjì fọ abọ́ nínú ilé oúnjẹ kan lórí òkè ní Tirol, ẹkùn Austria tí St Anton wà. Arlberg, níbi tí St Anton wà, ni ilé síkì ayé òde òní. Hannes Schneider, ọmọ abúlé Stuben tó wà nítòsí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn ní síkì ní St Anton lọ́dún 1907, ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ ló sì kárí ayé. Àwọn tó mọ síkì gidi ló ń lọ síbẹ̀, òkè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kùn ní búlúù níbẹ̀, ìyẹn èyí tó rọrùn, pupa, ìyẹn èyí tó le díẹ̀ sí i, ni wọ́n á pè é níbòmíràn. Àwọn mẹ́rin tí kò tíì ṣe síkì rí nínú yín á ti rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ti ọtí ibẹ̀ gan-an ló wá le jù. Òfin kò dí yín lọ́wọ́. Ní Austria, ọdún 16 ni fún bíà àti wáìnì, 18 fún ọtí líle; àbúrò rẹ kò ní ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣòro wà níbi tí ilé ọtí wà. MooserWirt àti Krazy Kanguruh, tí gbogbo ayé ń torí wọn lọ sí St Anton, lára òkè ni wọ́n wà, lókè ìlú, lẹ́bàá ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní bíi agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, orin á bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ówàm̀bẹ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí onílù bá ti rí ẹni tó lówó lọ́wọ́? Irú rẹ̀ ni, àmọ́ bàtà síkì ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn. Bàtà yẹn wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí pákó, wọ́n á sì gun orí tábìlì jó pẹ̀lú rẹ̀ títí omi yìnyín á fi máa kán sílẹ̀ láti etí tábìlì. Síkì wọn á wà níta, igba, ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n gún wọn mọ́lẹ̀ sínú yìnyín bí igi ọgbà. Ní agogo méje tàbí mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ á parí. Òkùnkùn ti ṣú. Ojú ọ̀nà ti di yìnyín líle, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbẹ́ ẹ di kòtò àti gegele. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá síkì wọn nínú ọ̀ọ́dúnrún yẹn, wọ́n á dè é, wọ́n á sì forí lé ìsàlẹ̀.

Jagatee ni mo máa ń dá lẹ́bi. Tíì gbígbóná tí wọ́n da ọtí rọ́ọ̀mù Austria sí ni, wọ́n á fi ṣúgà àti èròjà olóòórùn sí i. Ó ń rùn bíi kánáfùrù, ó dùn bí ohun tí ìyá àgbà ń pò fún ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, kò sì ní ta yín lọ́fun rárá. Ẹ ó gbé ife náà fi bo imú tó ti dì, ẹ ó rò pé ara yín ń gbóná. Bẹ́ẹ̀, ọtí ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sábẹ́ awọ, ooru inú ara ló sì ń jò dànù. Nígbà tí mo ń fọ abọ́, ife Jagatee ni mo fi ń mọ ẹni tó máa ṣubú: mo máa ń ka iye ife tó ti orí tábìlì kan wá.

Oníbàárà mi kan, ọkùnrin tó mọ síkì dáadáa, mu mẹ́rin irú rẹ̀ nínú ilé ọtí kan lórí òkè, ó sì ṣe síkì sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ku ibi tí kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣubú, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kán ní ibi méjì. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tó sanwó fún wo ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n rí ìwọ̀n ọtí tí dókítà kọ síbẹ̀, wọ́n ní àdéhùn àwọn kò bá ẹni tó ti mutí dé ibi yẹn lọ. Àpò rẹ̀ ló ti san gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ọtí nínú ìwé ìbánigbófò kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ síkì síbẹ̀. Káàdì ìlera GHIC tí Britain ń fún èèyàn kì í sanwó fún àwọn tó ń gbé èèyàn kúrò lórí òkè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yúróò sì ni hẹlikópítà lè gbà.

Nítorí náà, ibi tí mo máa mú fún yín ni Saalbach, ní ẹkùn Salzburg, Austria kan náà. Òfin ọtí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti St Anton. Tẹ́ ẹ bá pa ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Hinterglemm, Leogang àti Fieberbrunn, kìlómítà 270 ni ojú ọ̀nà síkì tó so mọ́ra, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ búlúù àti pupa tó tẹ́jú, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè gbà láìsunkún. Ìwọ àti ẹnì kejì tó ti mọ̀ ọ́n kò ní rí i bí eré ọmọdé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé síkì lóṣù Kejì ọdún 2025. Pàtàkì jù lọ: àwọn ojú ọ̀nà síkì sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín ìlú. Bauer's Schi-Alm wà nísàlẹ̀, níbi tí síkì ti ń tán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn á tú síkì, á wọlé, á jó lórí tábìlì bó bá wù ú, bó bá sì yó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Hinterhag Alm, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, wà lókè díẹ̀ ju ìlú lọ. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ kẹ́ ẹ pinnu kẹ́ ẹ tó wọlé pé síkì kò ní padà sẹ́sẹ̀ yín. Alẹ́ gan-an tún wà lẹ́yìn oúnjẹ, báà àti ilé ijó wà láàárín ìlú, mọ́tò kò sì pọ̀ lójú òpó náà.

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, oúnjẹ alẹ́ ni kẹ́ ẹ kíyè sí. Hòtẹ́ẹ̀lì Austria ń gbé e kalẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ, wọn kì í dúró de ẹni tó ń wọṣọ. Ẹni tó bá ti ilé ọtí dé ní agogo mẹ́sàn-án, ebi ló máa fi sùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í mu ọtí kò ní dá wà. Kó béèrè Almdudler, ohun mímu olómi ewé tó ti wà láti ọdún 1957, tí gbogbo Austria ń mu. Àwọ̀ rẹ̀ jọ bíà, ẹnikẹ́ni kò sì ní máa bi í pé èé ṣe. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta wáìnì gbígbóná, kó béèrè Kinderpunsch, ti ọmọdé tí kò ní ọtí. Ẹ máa bá a wo oúnjẹ náà dáadáa. Kaiserschmarrn, ìyẹn páńkéèkì tí wọ́n fà ya, tí wọ́n da ṣúgà lé, wọ́n lè ti rẹ èso àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀ sínú rọ́ọ̀mù. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí kò jọ ibi tó yẹ kó wà. Kó béèrè, wọn kì í bínú. Lálẹ́, ní Hinterglemm, wọ́n máa ń tan iná sí ojú ọ̀nà kan lórí òkè Reiterkogel tí èèyàn fi ń jókòó lórí pákó yọ̀ wálẹ̀. Mo ti rí ìyàwó pásítọ̀ tó pariwo níbẹ̀ ju gbogbo ọ̀mùtí inú ìlú lọ.

Kí n yára sọ àwọn tí ẹlòmíràn á tún dárúkọ fún yín. Ischgl ní Tirol, ariyá ibẹ̀ le, òfin ìlú sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà síkì káàkiri àárín ìlú lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́. Èèyàn lè ṣe síkì láti Ischgl kọjá sí Samnaun ní Switzerland, níbi tí wọn kì í ti í gba owó bodè láti ọdún 1892. Switzerland wà nínú Schengen, físà kò ní ìṣòro, àmọ́ kò sí nínú ẹgbẹ́ owó bodè Yúróòpù, torí náà lítà kan ọtí líle ni ẹnì kan lè gbé padà sí Austria nínú báàgì ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí àwọn onífàyàwọ́ ayé àtijọ́ gbà náà ni. Owó Ischgl pọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ. Val Thorens ní Faransé wà ní mítà 2,300, kò sí ìlú síkì tó ga tó o ní Yúróòpù, yìnyín dájú níbẹ̀, ọdún 18 sì ni òfin ọtí. Ṣùgbọ́n La Folie Douce tó lókìkí níbẹ̀, lára òkè ló tún wà, ohun tí mo sọ nípa St Anton náà ni.

Ítálì ni kẹ́ ẹ tètè mọ̀ nípa rẹ̀, bóyá ẹ ó lọ lọ́dún mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mutí yó ṣe síkì níbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tó kọjá 0.5 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, owó ìtanràn jẹ́ Yúróò 250 sí 1,000. Bó bá kọjá 0.8, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Wọ́n tún sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó bá gorí òkè ní ìbánigbófò tó lè sanwó fún ẹni tó bá kọlù. Austria kò ní irú òfin ìwọ̀n yẹn fún síkì, àmọ́ bí ẹ bá kọlu ẹnì kan lórí òkè, ọtí inú yín ni agbẹjọ́rò rẹ̀ á kọ́kọ́ bi yín léèrè.

Àbúrò rẹ nìkan ni mo ṣì ń rò. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ jẹ̀ láàtàn: bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 19 ṣe rí lọ́jọ́ kẹta tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí síkì. Ẹ fi í sí kíláàsì fún ọjọ́ márùn-ún, kì í ṣe méjì. Ẹni tó ní olùkọ́ tó ń dúró dè é lágogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ kì í mu ife kẹfà, bó bá sì mu ún lẹ́ẹ̀kan, òkè fúnra rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀ lówùúrọ̀. Kó máa wọ akoto ní gbogbo ìgbà.

Ọkọ̀ òfurufú máa ń lọ tààrà láti Manchester sí Salzburg nígbà òtútù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zell am See, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì gun òkè lọ sí Saalbach. Ẹ kò nílò mọ́tò. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ń gba ìsinmi ní England láàárín oṣù Kejì, torí owó ọ̀sẹ̀ yẹn á bí yín nínú. Bí ọjọ́ ìbí rẹ bá bọ́ sínú rẹ̀ gan-an, ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ gé àkàrà òyìnbó ní Manchester. Kí àwọn méjì tó ń wá físà ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní gbàrà tó bá ti jáde, kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì.